Ìbọn ìléwọ́ tó bá ọwọ́ mi mu

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbé ìbọn ìléwọ́ kiri ní Houston, Texas níbí, àwọn ọmọ ilé wa tó bá ti gbọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé èwo ni kí àwọn rà. Nọ́ọ̀sì ni mí, nǹkan bí aago méjìlá òru ni mo máa ń kúrò níbi iṣẹ́, tí mo bá yà ra epo mọ́tò ilé epo á ti dá páropáro. Lóru ọjọ́ kan ọkùnrin kan tẹ̀ lé mi títí dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò, kò fọwọ́ kàn mí o, ṣùgbọ́n àyà mi ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni mo ti pinnu.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ wọ̀, bí ọkùnrin tó ń tajà ṣe rí i pé obìnrin ni mí báyìí, ìbọn kékeré bíńtín ló mú jáde, .380 (ìwọ̀n ọta tó ń yìn nìyẹn), ó ní á wọ inú báàgì mi dáadáa, èmi náà sì sanwó. Ìgbà tí mo dé rénjì, ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, tí mo yìn ín, áà! Ìbọn tó kéré ló máa ń ta ọwọ́ jù, torí kò wúwo tó láti gba agbára ọta yẹn mọ́ra, ìdí ẹ̀ tí wọ́n ń dì mú sì kúrú débi pé ìka mi tó kéré jù ò ríbi dì mú. Kí n tó yin ogún ọta ọwọ́ ti ń ro mí, mo ti ń dijú kí n tó fa tírígà, oṣù méjì gbáko ni mi ò fi padà lọ. Ìbọn tí mò ń sá fún, kí ló fẹ́ ṣe fún mi lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé?

Obìnrin kan tó ń kọ́ èèyàn ní ìbọn ló gbà mí. Ó ní kí n má ra nǹkankan mọ́ títí màá fi háyà oríṣiríṣi ní rénjì kí n yìn wọ́n wò. Mo yin SIG P365, èyí tó jáde ní 2018, kékeré ni ṣùgbọ́n ọta 10 ló ń gbà, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ nǹkan tí aṣọ máa bò tán. Mo yin Glock 19, tó ń gba ọta 15 tí ìwọ̀n wọn jẹ́ 9mm, bí mo ṣe dì í mú ni mo mọ̀. Gbogbo ìka mi wọlé, ìka tí mo fi ń fa tírígà dé ibi tó yẹ kó dé láì jẹ́ pé mo yí ọwọ́ mi, irin òkè ẹ̀ tí wọ́n ń fà sẹ́yìn náà, mo rò pé mi ò lágbára ẹ̀ ni, mi ò mọ̀ pé èèyàn máa ń fi ọwọ́ kan ti ìdí ìbọn síwájú ni bó ṣe ń fi èkejì fa irin náà sẹ́yìn. Òun ni mo rà.

Àpò ìbọn ṣe pàtàkì tó ìbọn fúnra ẹ̀. Ẹ má jù ú sínú báàgì láàárín kọ́kọ́rọ́ àti líp-stíìkì láé, ohunkóhun lè há sí tírígà. Àpò tó le, tó bo tírígà pátápátá, tí kò ní mì lára bẹ́líìtì, òun ni kí ẹ náwó lé.

Ní ti òfin, láti oṣù Kẹsàn-án 2021 ni Texas ti gbà kí ẹni tó ti pé ọdún 21, tí òfin ò ká lọ́wọ́ kò, máa gbé ìbọn ìléwọ́ láì ní láísẹ́ńsì. Mo ṣì lọ gbà á, dọ́là 40 ni, ọta 50 ni wọ́n ní kí n yìn, láti yáàdì mẹ́ta, méje àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, máàkì 175 nínú 250 lèèyàn fi ń yege. Ìdí tí mo fi gbà á ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ ò fẹ́ ìbọn ní ibi tó sún mọ́ ilé ìwé tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000 àfi tí ìpínlẹ̀ ibẹ̀ bá ti fún ẹ ní láísẹ́ńsì, èmi sì rèé tí mò ń wa ọmọ lọ sí ilé ìwé láràárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lórí fisà sítúdẹ́ǹtì tàbí ti iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, òfin àpapọ̀ ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ yín ní ìbọn lọ́wọ́ rárá, ẹni tó ní green card ló lè rà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ bá yín rà á lórúkọ ara ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

Bàbá mi ṣọdẹ díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣakabùlà ló ní. Tí ọ̀kan nínú wa bá gbé e tó sì gbójú ẹ̀ sọ́dọ̀ èèyàn, yálà ó ní nǹkan nínú ni o tàbí kò ní, ìgbájú ló máa gbà. Á ní, "Bí ìbọn ò bá tiẹ̀ lẹ́tù, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ kọ òun?" Ìgbà tí obìnrin yẹn kọ́ wa ní òfin àkọ́kọ́, pé kí á ka gbogbo ìbọn sí èyí tó lọ́ta nínú, omi lé sí mi lójú, torí Bàbá ti lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ló wà nílé mi. Tí ìbọn ò bá sí lára mi, inú àpótí irin tó ń fi ìka ọwọ́ mi ṣí ló wà, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí, kì í ṣe orí wádíróòbù, ọmọdé máa ń gun orí wádíróòbù.

Ìró àti bùbá nìkan ni mi ò tíì rí ọgbọ́n dá sí. Ìró ò ní bẹ́líìtì, bẹ́líìtì elásítíìkì tí wọ́n ń dè mọ́ ikùn máa ń yọ tí mo bá kúnlẹ̀ kí àgbà, àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì á sì dì mọ́ èèyàn gbágbá, wọ́n á fọwọ́ kàn án. Ọtí náà tún wà lóde ìnáwó. Ilé ni mo máa ń fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, èmi àti ẹlòmíì la jọ máa ń wọ mọ́tò kan.

Sátidé tó ń bọ̀ àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ láti Dallas, òun náà ti di ọmọ ìlú, ó fẹ́ kọ́ ọ. Ìbọn .22 ni màá kọ́kọ́ háyà fún un, èyí tí ọta ẹ̀ kéré, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta ọwọ́, yáàdì mẹ́ta péré ni màá gbé bébà sí, títí ojú ẹ̀ ò fi ní máa dì mọ́ kó tó yìn ín.