Ọ̀rá Tí Mo Fẹ́ Dà Nù

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èédú ni màmá mi fi rán mi nílé ìwé ní Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Kábà lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ mọ àwọn àpò tí wọ́n ń tò sẹ́bàá títì, tí wọ́n fi koríko dí lẹ́nu. Igi àyìn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé, torí èédú rẹ̀ le, kì í tètè jó tán. Nígbà tí àyìn wọ́n, wọ́n yíjú sí igi òrí àti irúgbá.

Ìyá àgbà mi ń po òrí, ó sì ń ṣe irú tà. Ọdún tí mo sin ìlú tán, mo délé, mo bá a tó ń ra irú lọ́jà. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo ti ń wáṣẹ́ l'Ábújá nígbà yẹn. Mi ò padà lọ mọ́.

Mo gbin kóró òrí 300 sínú ọ̀rá dúdú, mò ń bomi rin wọ́n láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kò sí ewé kankan. Mo ní wọ́n ti jẹrà. Mo ti da bí ogójì nù kí ọ̀kan tó ya mọ́ mi lọ́wọ́. Gbòǹgbò funfun kan ti gùn dé ìdí ọ̀rá. Lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀, níbi tó jìn tó oríkèé ìka kan, ẹ̀hù ṣóńṣó kan ń bọ̀ lókè láti ara gbòǹgbò yẹn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Bí igi òrí ṣe ń hù nìyẹn: á kọ́kọ́ wọlẹ̀ lọ ná.

Ọdún méjì ni iṣẹ́ yìí ò fi bọ́ mi. Ìṣirò tí mò ń kọ́ ọmọ iléèwé ni mo fi ń jẹun. Ní báyìí, mò ń ta ọ̀dọ́ igi, mo sì ń fi fóònù ka igi lóko fún àwọn tó ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń béèrè nípa iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ẹ má retí owó kíá. Igi òrí tí a fi kóró gbìn lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so.

Màmá mi ṣì ń ta èédú. Mi ò bá a jà, torí mo mọ ohun tí owó yẹn ṣe fún mi. Lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n fún òun ní ogún igi òrí. Ó gbìn wọ́n yí oko ẹ̀gúsí rẹ̀ ká, ó wá fi ẹ̀gún sọgbà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ewúrẹ́.