Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán kámẹ́rà fídíò wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ fídíò òde, ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé kámẹ́rà kékeré wo ni kí ẹ rà. N kò ní dárúkọ ọ̀kan ṣoṣo fún yín. Bí mo ṣe ń dán an wò ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́, nítorí ẹni tó bá mọ ìdánwò náà lè dá rajà fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀.

Kámẹ́rà tí mò ń sọ ni èyí tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ mú, tí okùn rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn ọwọ́ kọjá, tí ojú ìwòran rẹ̀ ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé fóònù ti lé e kúrò lóde. Fóònù dára, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tí kò parí títí di ìrọ̀lẹ́ ń fẹ́ ẹ̀rọ tí a lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, tí ìpè ẹnikẹ́ni kò ní já lù, tí lẹ́ńsì rẹ̀ sì lè fa ojú ìyàwó sún mọ́ wa láti ẹ̀yìn gbọ̀ngán láìba àwòrán jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi Sony HDR-CX405, tó jáde ní 2015, ṣe àpẹẹrẹ. Nínú àlàyé rẹ̀ ẹ ó rí súùmù 30, ìyẹn ni pé ó lè fa nǹkan sún mọ́ ní ìlọ́po 30, ẹ ó sì tún rí 350. 30 ni iṣẹ́ lẹ́ńsì fúnra rẹ̀. Ní ti 350, ńṣe ni ẹ̀rọ ń gé àárín àwòrán, tó sì ń fẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹ wọ inú ètò kámẹ́rà, kí ẹ pa súùmù ńlá yẹn kí ẹ tó dán ohunkóhun wò. Bákan náà, wọ́n ní fọ́tò rẹ̀ tó mẹ́gápíksẹ́lì 9.2 (mẹ́gápíksẹ́lì kan jẹ́ mílíọ̀nù kan àmì tíntìntín tó ń para pọ̀ di àwòrán), bẹ́ẹ̀ ibi tí sẹ́nsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ, fi ń ríran kò ju nǹkan bíi mẹ́gápíksẹ́lì 2.3 lọ, ìṣirò ni ẹ̀rọ fi ń dá ìyókù. Sẹ́nsọ̀ náà tó iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, nítorí àwòrán fídíò HD kíkún kò ju mẹ́gápíksẹ́lì 2 àti díẹ̀ lọ. 9.2 yẹn ni kò kan iṣẹ́ yín.

Ohun tí páálí kì í sọ̀rọ̀ lé lórí ni ohùn, ibẹ̀ sì ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ro ìdáná wò. Kí ló kù nínú ìdáná bí a bá yọ ọ̀rọ̀ ẹnu alága ìdúró àti alága ìjókòó kúrò, pẹ̀lú orin tí wọ́n ń dá àti àdúrà tí bàbá ń gbà lé ọmọ rẹ̀ lórí? Bí àwòrán bá ṣókùnkùn díẹ̀, ẹbí á fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá dìde tó ń ki ọmọ ọmọ rẹ̀, tó wá jẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ni a gbà sílẹ̀, kò sí àtúntò kan lórí kọ̀ǹpútà tó lè dá oríkì yẹn padà. Mo gbà tọkàntọkàn pé ohùn àwọn àgbà ló níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí à ń kó pamọ́ nínú iṣẹ́ yìí.

Ìdánwò rẹ̀ rèé. Ẹ ní kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí kámẹ́rà, kó sì dákẹ́ díẹ̀. Kí ẹlòmíràn lu ìlù tàbí kó pàtẹ́wọ́ kíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, kí ẹni àkọ́kọ́ sì tún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ wá fi íapíìsì tẹ́tí sí ohun tí ẹ gbà. Kámẹ́rà kékeré máa ń fúnra rẹ̀ gbé ohùn sókè, á sì tún fúnra rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ibẹ̀ bá pa rọ́rọ́, á gbé e sókè títí ẹ ó fi máa gbọ́ ariwo ṣììì láti inú òun fúnra rẹ̀. Bí gángan bá dún, á tẹ gbogbo ohùn mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé ìlù á sì rì. Ẹ máa ṣọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pẹ́ tó kó tó padà jáde. Kámẹ́rà tó bá gbé odindi gbólóhùn mì kò yẹ fún òde tí onílù wà.

Ẹ tún wọ yàrá tó dákẹ́, kí ẹ súùmù wọlé, kí ẹ súùmù jáde, kí ẹ yí ọwọ́ padà lára ẹ̀rọ. Máíkì inú kámẹ́rà ń gbọ́ mọ́tò lẹ́ńsì, ó sì ń gbọ́ ìka yín.

Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó la ọjà sí méjì fún yín ni pé, ṣé ó ní ihò tí a lè ki máíkì bọ̀? CX405 kò ní. Canon VIXIA HF R800 tó jáde ní 2017 ní in, ó sì ní ti íapíìsì tí ẹ ó fi máa gbọ́ ohun tí ẹ ń gbà bí ẹ ṣe ń gbà á. Fún ẹni tó ń ṣe ìdáná, ìyàtọ̀ yìí ju ìyàtọ̀ súùmù lọ. Bí èyí tí kò ní ihò ló bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi fóònù sápò ọkọ ìyàwó kó máa gba ohùn lọ́tọ̀, kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí ẹ lè so méjèèjì pọ̀ nígbà àtúntò. Ẹ tún pàtẹ́wọ́ níparí o. Aago inú ẹ̀rọ méjì kì í rìn dọ́gba. Bí wákàtí bá ń gorí wákàtí, ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn.

Lẹ́yìn etí ló kan ojú, alẹ́ sì ni kí ẹ fi dán ìyẹn wò. Kò sí kámẹ́rà tí kì í dára lábẹ́ oòrùn. Ẹ tan gílóòbù kan ṣoṣo ní pálọ̀, kí ẹ ya ẹni tó wọ aṣọ dúdú. Sẹ́nsọ̀ CX405 jẹ́ ìwọ̀n 1/5.8 ínǹṣì, ó kéré gan-an. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, ẹ̀rọ á fi tipátipá fa àwòrán yọ, hóróhóró bí iyanrìn á sì máa jó lára aṣọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé súùmù ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Ojú lẹ́ńsì yìí jẹ́ f/1.8 níbi tí ẹ kò bá ti súùmù rárá, ó sì di f/4 bí ẹ bá súùmù dé òpin; bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe ń ga sí i ni ojú lẹ́ńsì ń kéré sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn. Nítorí náà, lálẹ́, ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi sún mọ́ ẹni tí ẹ ń yà.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Iná mànàmáná ti Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwọn jẹ́ 60 Hz, àwòrán 60 tàbí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni kámẹ́rà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ sì sábà máa ń yà. Iná gbọọrọ inú gbọ̀ngán wa ń ṣẹ́jú ní ìlọ́po méjì 50 yẹn, ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kì í rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà yẹn á rí i, àwòrán á sì máa ṣẹ́ wìrìwìrì. Bí ẹ̀rọ bá gbà yín láyè láti yan ìyára ṣọ́tà, ìyẹn bí àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, ẹ fi sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Bí kò bá gbà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní in. Èyí tí wọ́n tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà yìí, torí 50 ni tiwọn náà.

Ti ọwọ́ gbígbọ̀n kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ súùmù dé òpin, ẹ rin ìgbésẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i fúnra yín bóyá àwòrán ń mì jù.

Káàdì ló kù. Ní mẹ́gábíìtì 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí í ṣe ìwọ̀n tó ga jù lórí CX405, wákàtí kan á jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 22 (bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan). Ayédèrú káàdì pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ gígábáìtì 128 sí i lára, kò ní tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní sọ fún yín. Á kàn máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí ni. Ẹ gba fídíò sí i títí yóò fi kún bámúbámú, kí ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Ẹ ó ti fi ìyẹn mọ iye wákàtí tí bátìrì lè lò pẹ̀lú. Bí AVCHD lẹ bá ń gbà, irú fáìlì fídíò tí Sony àti Panasonic gbé kalẹ̀ ní 2006, ẹ̀rọ máa ń gé fáìlì gígùn sí wẹ́wẹ́. Odindi fódà ni kí ẹ dà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tẹ́tí sí ojú ibi tí ó ti gé, bóyá ọ̀rọ̀ kan já. Láyé MiniDV, kásẹ́ẹ̀tì fídíò kékeré àtijọ́, lẹ́yìn iṣẹ́, à ń kọ orúkọ oníbàárà sára kásẹ́ẹ̀tì, à ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Lónìí, a ń pa káàdì rẹ́ láti lò ó fún òde mìíràn. Ó ń dùn mí, nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ da iṣẹ́ síbi méjì kí ẹ tó pa á rẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ rajà, bóyá ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ mú káàdì tiyín, íapíìsì àti kọ̀ǹpútà alágbèéká dání. Ẹ ṣe ti ọ̀rọ̀ àti àtẹ́wọ́ yẹn níbẹ̀, kí ẹ sì fetí sí i lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó dúnàá dúrà. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.