Oṣù mẹ́ta tí mo fi wọn iṣan àti ọ̀rá lásán

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sídìí iṣẹ́ yìí, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wọn iṣan àti ọ̀rá àwọn aláìsàn lórí àwòrán CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ X-ray ń yà ní ìpele-ìpele. Ọ̀gá mi wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní kí n da gbogbo rẹ̀ nù. Ohun tó sọ tọ́. (Iṣan tí mò ń wí yìí, iṣan ẹran ara ni o, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀.)

Kí ni mo ṣe? Fáìlì DICOM, irú èyí tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú àwòrán, wúwo, kọ̀ǹpútà mi sì ń wọ́, ni mo bá sọ gbogbo àwòrán di JPEG, irú fáìlì fọ́tò orí fóònù. Àṣé mo ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kékeré kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán CT ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, Hounsfield là ń pè é: omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000. Iṣan wà láàárín -29 sí +150, ọ̀rá abẹ́ awọ láàárín -190 sí -30. Nọ́ńbà yìí ni sọ́fítíwíà fi ń dá wọn mọ̀, kò ní ojú tó fi ń wò. JPEG ò mọ̀ ju dúdú, funfun àti eérú láàárín wọn lọ, láti 0 dé 255. Nọ́ńbà ti lọ, mìlímítà tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbà náà ti bá a lọ. ImageJ, sọ́fítíwíà ìwọn àwòrán tí mo lò, èyí tó wá láti NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, kò bá mi jiyàn. Ó ń fún mi ní èsì, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé DICOM nìkan ti tó. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ara ìfun náà bọ́ sáàárín -29 sí +150, sọ́fítíwíà á kùn wọ́n mọ́ iṣan bí ẹ ò bá fọwọ́ yọ wọ́n. Ìgbẹ́ inú ìfun pàápàá lè fara jọ ọ̀rá inú ikùn, tí a ń wá láàárín -150 sí -50. Iṣẹ́ yíyọ yìí ló ń gba àkókò jù, òun náà ni àwọn ọmọdé ń sá fún. Bí wọ́n bá sì ti fa oògùn tó ń mú àwòrán tàn sára ẹnì kan kí wọ́n tó yà á, nọ́ńbà iṣan rẹ̀ á ga sí i. Ẹ má da irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tí wọn ò fún.

L3, eegun kẹta nínú márùn-ún tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, la ti ń wọn, torí pé iṣan ojú ibẹ̀ ń bá iye iṣan gbogbo ara rìn. A ó wá fi gíga ẹni náà ní ìlọ́po ara rẹ̀ (gíga × gíga) pín iye iṣan ojú ibẹ̀. Bí a ṣe ń rí ẹni tó sanra dáadáa tí iṣan rẹ̀ ti ń gbẹ nìyẹn, ohun tí òṣùwọ̀n tí a ń gùn láti mọ ìwúwo kò lè sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ ka eegun náà láti òkè, níbi eegun ìhà tó kẹ́yìn, kí ẹ tún kà á láti ìsàlẹ̀, torí àwọn kan ní mẹ́fà, àwọn mìíràn mẹ́rin.

Nígbà tí mo tún un ṣe, ọ̀gá ní kí n wọn ogún nínú wọn lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, láìwo èsì àkọ́kọ́. Ìyá arúgbó kan lé iṣan sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ya àwòrán tuntun fún un. Mo ṣí méjèèjì síra wọn: L4, eegun tó wà lábẹ́ L3, ni mo wọn lákọ̀ọ́kọ́.