Ẹ jẹ́ kí bọ́ǹdì yín máa dín kù lóṣooṣù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni mo san èyí tó kẹ́yìn nínú owó bọ́ǹdì mi, ìyẹn owó tí páílọ́ọ̀tì máa san fún ilé-iṣẹ́ tó rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ bó bá kúrò kí ọdún àdéhùn tó pé. Inú mọ́tò ni mo wà nígbà tí áláàtì báǹkì wọlé. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sì sunkún. Mo ń kọ èyí nígbà tó ṣì ń ta mí lára, torí mo mọ̀ pé lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú yín lónìí, ẹ sì ń bi ara yín bóyá ọ̀dọ́ páílọ́ọ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ lẹ́nu láti fi dúnàádúrà.

Ẹ lẹ́nu. Kì í ṣe lórí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ lẹ́nu.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Èèyàn á parí ẹ̀kọ́, á gba láìsẹ́ǹsì, á ti fo nǹkan bíi wákàtí 200, á wá jókòó sílé. Èmi jókòó fún ọdún mẹ́ta. Ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ọbáńtokò, l'Ábẹ́òkúta, ni màmá mi tà kí n lè kàwé náà tán. Bí a bá lọ òde, wọ́n á máa bi í pé, "Màmá páílọ́ọ̀tì, ìgbà wo lẹ máa fi bàálù gbé wa?" Òun á rẹ́rìn-ín. Èmi á wo ilẹ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kan wá pè mí sí Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, mo ti gbà kí n tó débẹ̀. Ìwé àdéhùn náà jẹ́ ojú ìwé mọ́kànlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mi ò kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Wọ́n á rán mi lọ sí Johannesburg láti lọ kọ́ bàálù Boeing 737 nínú simulator, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bíi bàálù, àwọn ni wọ́n á san án, èmi náà á sì bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Bí mo bá kúrò kó tó pé, màá san 30,000 dọ́là. Mo sì gbọ́dọ̀ mú onídùúró tó nílé wá. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Ìbarà, ló dúró fún mi.

Lójú ìwé keje, wọ́n kọ ọ́ pé gbogbo owó náà ni òṣìṣẹ́ máa san, iye oṣù yòówù kó ti lò. Mo rí i, ó sì kọ mí lóminú. Mo gbójú sókè wo obìnrin HR, ó ti ṣí bírò dè mí. Àwọn mẹ́rin míì jókòó síta, wọ́n gbé fáìlì lé ẹsẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Mo ṣiṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Èkó sí Àbújá, Àbújá sí Èkó, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ nígbà míì. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ lọ́jà, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Owó oṣù mi kò kúrò lójú kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, iṣẹ́ míì tó sàn jù ti yọjú, mo wá lọ bá HR pé mo fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Obìnrin náà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fa ẹ̀rọ ìṣírò sún mọ́ra, ó tẹ 30,000, ó tẹ 1,500, ó wá yí ojú rẹ̀ sí mi. 45,000,000. Lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ síwèé, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà. Gbogbo bọ́ǹdì náà kò tó mílíọ̀nù 15. Náírà ni wọ́n fi ń sanwó fún mi, dọ́là ni mo jẹ. Mo ní, "Mà, mo ti lo ọdún mẹ́ta níbí." Ó ní, "Ojú ìwé keje, ọmọ mi." Ó tún ní kì í ṣe ọdún mẹ́ta rárá. Ọjọ́ tí wọ́n fà mí lé iṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí olùkọ́ ti bá mi fò tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ìyẹn sì jẹ́ oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo fọwọ́ síwèé. Ọwọ́ mi tutù bí omi yìnyín. Mi ò rántí bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́sẹ̀ kejì, aago mẹ́fà ìdájí, Dádì Ìbarà pè mí. Bàbá yìí kì í pe èèyàn ní irú àkókò yẹn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, lọ́yà kan kọ̀wé sí mi. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ilé mi náà wà níbẹ̀. Ṣé ilé yìí ni wọ́n fẹ́ gbà ni?" Ilé tó fi owó tíṣà kọ́ fún ọdún méjìdínlógún! Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá mi l'Ékòó, bíi pé ó ń rí mi. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Dìde. Mo mọ̀ pé o ti kúnlẹ̀. Dìde, kó o ṣàlàyé fún mi."

Ọmọ ìyá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà bá wọn sọ̀rọ̀, a kò dé kóòtù, wọ́n gba owó tí kò tó ìdajì, mo sì ń san án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Mo ti wà níbi iṣẹ́ tuntun báyìí. Ó dáa, a dúpẹ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa títí di òní ni èyí. Ọkùnrin kan wà tí a jọ wọṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà, òun gan-an ni wọ́n fi mí pọ̀ mọ́ nínú simulator. Ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́ tán ló sọ fún mi pé lọ́jọ́ tiẹ̀, òun béèrè. Kò jà. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó máa dín kù bí mo bá ṣe ń pẹ́ sí i." Obìnrin yẹn kan náà wọnú ọ́fíìsì lọ, kò pẹ́ ogún ìṣẹ́jú, ó jáde pẹ̀lú ojú ìwé keje tuntun. Ẹnu la fi ń kọ mé jẹ. Èmi ò yanu.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 30,000 dọ́là lórí ọgọ́ta oṣù, 500 dọ́là lóṣù kan nìyẹn. Ká ní ó ń dín kù láti ọjọ́ tí mo fọwọ́ síwèé, 12,000 ló kù sí mi lọ́rùn nígbà tí mo fẹ́ lọ. Ká tiẹ̀ ní ọjọ́ tiwọn la fi kà á, 16,000 ni. Gbólóhùn kan péré ni.

Ní ti owó oṣù, ẹ má da ara yín láàmú. Ipò àti irú bàálù ni wọ́n fi ń ka owó oṣù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, iye kan náà ni wọ́n máa ń fún àwọn tó bá wọlé pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fò ní Texas sọ fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn gan-an, ẹgbẹ́ páílọ́ọ̀tì ti bá ilé-iṣẹ́ dúnàádúrà fún gbogbo wọn, ó ti wà nínú ìwé, ẹnì kan ò lè dá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kún owó oṣù. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni òun béèrè, torí ọjọ́ tí èèyàn bá wọ kíláàsì ló ń sọ ipò tó máa wà lórí ìlà, ìyẹn ìwé tí wọ́n to àwọn páílọ́ọ̀tì sí bí wọ́n ṣe wọṣẹ́ ṣáájú ara wọn, ìlà yẹn ló sì ń pinnu ìgbà tó máa di kápútẹ́ẹ̀nì, ìlú tó máa dúró sí, àti ìgbà ìsinmi rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ọjọ́ méjì, ẹ mú èyí tó yá.

Bọ́ǹdì lọ̀rọ̀ wà. Ẹ béèrè kó máa dín kù. Ẹ béèrè pé náírà ni àbí dọ́là, ẹ béèrè ọjọ́ tí kíkà rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí dókítà bá ní ẹ kò lè fò mọ́ tàbí bí àwọn fúnra wọn bá jẹ yín lówó oṣù. Ẹni tó máa dúró fún yín náà, ẹ jẹ́ kó mọ iye tó ń dúró fún. Mi ò fi ojú ìwé keje han Dádì Ìbarà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tàn wọ́n, ojú ń tì mí láti béèrè ìbéèrè tó pọ̀ jù. Ẹ lọ bá NAAPE náà, ẹgbẹ́ àwọn páílọ́ọ̀tì àti ẹnjiníà bàálù ní Nàìjíríà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa láyà láti béèrè, ẹ ní kó máa dín kù lóṣooṣù. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í yí ìwé padà, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà ojú ìwé kan mọ́ ọn, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa lé yín torí pé ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ béèrè. Wọn kò lé ẹnìkejì mi inú simulator.

Lánàá, mo gbé lẹ́tà tó tú Dádì Ìbarà sílẹ̀ lọ bá wọn l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n mú awò wọn, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọ́n yí i sẹ́yìn wò bóyá nǹkan míì wà níbẹ̀. Wọ́n wá ká a, wọ́n tì í bọ àárín ìwé ilé wọn nínú àpótí, wọ́n sì ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.