Ìbọ̀sẹ̀ Tó Bá Irin Ẹsẹ̀ Mu: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Irin ẹsẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ tí kò lágbára kí ó lè gbé ni dúró, ti wà lẹ́sẹ̀ òsì mi láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà; bí wọ́n tilẹ̀ fi ike ṣe é, irin náà ni a ṣì ń pè é. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó mú mi ní Ìkẹ́nnẹ́ kí n tó pé ọmọ ọdún méjì, ní àsìkò tí kì í ṣe gbogbo ọmọ ni oògùn àjẹsára ń kàn lẹ́nu. Inú mi dùn gidigidi ní oṣù Ògún ọdún 2020 nígbà tí wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn náà tó jẹ́ ti àdáyébá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwa tí ó ti mú ṣì wà, a ṣì ń wọ irin, ohun tí mo sì fẹ́ bá irú wa àti àwọn òbí ọmọ tó ń wọ irin sọ ni ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ mi, tí wọ́n ń kọ́ mi bí n ó ṣe máa di irin, kò sí ẹni tó bá mi sọ ọ́ rí.

Aránṣọ ni mí, Ṣàgámù ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí Iléyá bá ti ku oṣù kan, aṣọ àwọn tó ń lọ sí Òjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í jẹ́ kí àwa aránṣọ sùn. Ní ọdún kan, mo tẹ̀lé ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Mo ra ìbọ̀sẹ̀ tuntun tó bá àwọ̀ aṣọ wa mu, mo wọ irin lé e, mo sì wà lórí ìdúró láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo tú irin, ìbọ̀sẹ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ ọmọńdinrín mi, bí mo sì ṣe fà á ni awọ bá a lọ. Egbò náà kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi lè wọ irin, bí n kò bá sì wọ irin, n kò lè dé ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó ṣe irin ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo gbé e padà lọ bá a, ó ha ẹ̀gbẹ́ ike náà, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, egbò tún yọ. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò náà ló wá sọ pé, “Mà, ẹ jẹ́ kí n rí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ń wọ̀.” Ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi ìka tẹ ojú rírán tó wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó sì ní kí èmi náà tẹ̀ ẹ́ wò. Òwú líle ni, ó ká lé ara rẹ̀, ó le gbandi bí okùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi pé kí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú rírán aṣọ ìkókó mọ́lẹ̀ kí ó má baà ha ọmọ lára, síbẹ̀ n kò wo inú ìbọ̀sẹ̀ tí mo ń wọ̀ rí.

Ìdí tí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ fi lè dá egbò sílẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Bàtà lásán a máa fẹ̀ fún ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin tí wọ́n fi ike ṣe kì í fẹ̀, nítorí pé wọ́n á kọ́kọ́ fi báńdéèjì POP, èyí tó máa ń le bí ó bá gbẹ, mú àwòrán ẹsẹ̀ náà gan-an, kí wọ́n tó fi iná rọ ike lé àwòrán náà lórí. Ohunkóhun tó bá wà láàárín awọ àti ike, ìbáà ṣe ojú rírán, ìbáà ṣe ibi tí ìbọ̀sẹ̀ ti wúnjọ, ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò máa tẹ̀ mọ́ni lára láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Nítorí náà, bí mo bá dé ọjà Sábó báyìí, àwọ̀ kọ́ ni mo ń kọ́kọ́ wò. Mo máa ń ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ títí dé orí rẹ̀, èyí tí ojú rírán rẹ̀ kò bá pẹlẹbẹ, n kì í rà á. Bí ẹ kò bá rí èyí tó pẹlẹbẹ, ẹ yí inú èyí tí ẹ ní síta, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ojú rírán kọjú sí bàtà dípò awọ. Oníbàárà mi kan ní ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin tó máa ń sunkún bí ó bá ti rí irin rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe fún un nìyí, mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo òbí dán an wò kí wọ́n tó sọ pé ọ̀lẹ ni ọmọ.

Ọ̀rọ̀ gígùn tún wà níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju etí irin lọ, kí ó tó èyí tí a lè ká bo etí náà, nítorí pé bí awọ bá kan ike nínú ooru Rẹ́mọ yìí, òógùn yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀, yóò sì bó. Irin tèmi dé abẹ́ orúnkún, nítorí náà ìbọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ni ó sábà máa ń gùn tó o. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún rọ́bà tó wà létí rẹ̀: bí ó bá fún ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fi ojú ilà jíjìn sílẹ̀, kò dára, pàápàá fún ẹsẹ̀ bíi tèmi tí iṣan rẹ̀ kò ní agbára láti ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè, tí ó sì máa ń tutù. Ẹsẹ̀ òsì mi rù, ó sì kúrú ju ọ̀tún lọ. Ìbọ̀sẹ̀ tó bá ọ̀tún mu yóò kájọ sí abẹ́ òsì ni. Oríṣi méjì ni mo ń rà: ti àgbàlagbà fún ọ̀tún, ti ọmọdé fún òsì. Owó rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n ó sàn ju owó egbò lọ. N kì í ra ti òkìríkà, nítorí pé gìgísẹ̀ ẹlòmíràn ti fẹ̀ ẹ́, rọ́bà rẹ̀ sì ti kú.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé òwú nìkan ló dára. Òwú rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti mu òógùn, kì í tètè gbẹ, awọ tó sì ń rin nínú irin a máa bó kíákíá. Èyí tí òwú àti náílọ́ọ̀nù jọ wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn, mo sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹ má ṣe fi èyí tó nípọn rọ́pò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pé irin yóò fún yín. Irú èyí tí ẹ ó máa wọ̀ ni kí ẹ wọ̀ lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọn ẹsẹ̀ yín.

Agbára iṣan ni àrùn tèmi gbà, kò gba ìmọ̀lára. Bí nǹkan bá ń ha mí, mo mọ̀. Àwọn tí àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn kò ní mọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọ̀, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi egbò bá kàn án, ojú yóò rí i.

Ní alẹ́, mo máa ń jókòó sábẹ́ iná, n ó yẹ kókósẹ̀, gìgísẹ̀ àti gbogbo ọmọ ìka wò. Awọ dúdú bíi tiwa kì í fi pípọ́n hàn bọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń kàn án: bí ojú kan bá gbóná ju ibi tó yí i ká lọ, tàbí tí ó dúdú sí i, tí kò sì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, irin náà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni n ó fi òrí pa ẹsẹ̀. N kì í fi í pa á ní òwúrọ̀, nítorí pé ó ń mú awọ rọ̀ jù nínú irin. Bí òjò bá sì wà tí ìbọ̀sẹ̀ tí mo fọ̀ kò gbẹ tán, èyí tó gbẹ ni mo máa ń wọ̀, bí àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ bá aṣọ mi mu.