Ìdọ̀tí Inú Abẹ́rẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Lọ fún IT

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ nípa oògùn l'Ádó-Èkìtì, bí ẹ bá rí ààyè IT (ìkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́) níbi tí wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń gún sára, ẹ fi èyí sọ́kàn: oògùn lè máà ní kòkòrò àrùn, kó sì kún fún ìdọ̀tí. Autoclave, ìkòkò ńlá tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, á pa kòkòrò. Fọ́nrán òwú tó bá wà nínú ìgò kò ní kúrò níbẹ̀; á kàn di òwú tí kò ní kòkòrò ni. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.22 máíkírọ́ọ̀nù (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti mìlímítà kan) ńkọ́? Bí oògùn bá ti gba ibẹ̀ kọjá, inú ìgò ló kàn, ìdérí rọ́bà ló sì máa bò ó. Iṣẹ́ asẹ́ ti parí nìyẹn.

Ìdérí yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ inú abọ́ tó ń gbọ̀n, tó ń tò wọ́n lọ sórí ẹ̀rọ, ni wọ́n ti ń ha ara wọn. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ á dúró, abọ́ ò ní dúró. Ègé dúdú wínníwínní á máa bọ́. Ẹ ní kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Páálí àti pẹ́ńsùlù ò gbọdọ̀ wọ yàrá tí wọ́n ti ń rọ oògùn. Ẹ rọra rìn níbẹ̀, torí awọ ara wa ń gbọ̀n sílẹ̀. Ẹni tó bá ti nu tábìlì láàárọ̀ ọyẹ́ l'Ékìtì, tó tún nu ún lọ́sàn-án, mọ ìdí tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ fi gbọdọ̀ wà ní títì.

Ẹ má gbójú lé àwọn tó ń yẹ ìgò wò jù. Ìmọ́lẹ̀ 2,000 sí 3,750 lux, ìṣẹ́jú àáyá 5 níwájú ohun dúdú, 5 níwájú funfun: òwú funfun á hàn lára dúdú, ègé rọ́bà á hàn lára funfun. Ẹ rọra yí ìgò po. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ìfófòó á máa tan yín jẹ. Síbẹ̀, ohun tó kéré sí 50 máíkírọ́ọ̀nù, ojú kì í sábà rí i. Ẹ̀rọ ni USP, ìwé ìlànà oògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ń ka àwọn yẹn: ìgò tí kò tó 100 mL kò gbọdọ̀ ní ju ègé 6,000 tó tó máíkírọ́ọ̀nù 10 sókè, tàbí 600 tó tó 25 sókè.

Ìgò tí wọ́n bá yọ sẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ gbé ìdọ̀tí náà sábẹ́ maikirosikóòpù, kí ẹ fi wé òwú aṣọ iṣẹ́ àti rọ́bà ìdérí. Bó bá ń dán, tí mágínẹ́ẹ̀tì ò fà á, ẹ má tíì pè é ní gíláàsì o: irin 316L (irú irin tí kì í dípẹtà) tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sábà fà á.