Páálí ìkẹ́rùsí kíláàsì: etí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá páálí tí wọ́n fi bébà bò máa pẹ́ nínú kíláàsì, ẹ má wo ojú rẹ̀, etí òkè ni kí ẹ wò. Ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ọmọ ń gbà wọlé, tó ń gbà jáde látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bébà tó bá mọ sí etí gan-an kò ní pẹ́ ṣí, ọmọdé kò sì ní rí ibi tó ṣí kó má fà á ya. Ẹ ṣẹ́ ẹ wọ inú dáadáa, bí ẹni ń ṣẹ́ etí aṣọ.

Sẹ̀ǹtímítà 5 ni mo máa ń fi sílẹ̀ lókè fún ṣíṣẹ́ yìí, 3 nísàlẹ̀. Ká ní páálí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó fẹ̀ ní 20, ó sì ga ní 15. Yíyí i po jẹ́ 100. Ẹ fi 2 kún un kí etí bébà lè gun ara wọn. Bébà tí ẹ máa gé á gùn ní 102, á sì fẹ̀ ní 23. Ẹ̀yìn páálí ni kí ibi tí bébà ti pàdé wà, kó jìnnà sí igun díẹ̀, torí igun ló máa ń gbá nǹkan.

Páálí tó ń dán kì í gba gọ́ọ̀mù. Ẹ fi sáńpépà ha á títí dídán yẹn á fi lọ. Èyí tí omi ti rọ̀, tàbí tí òórùn oúnjẹ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má lò ó rárá. Aáyán fẹ́ràn irú rẹ̀.

Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun ìwọ̀n 3 mọ́ omi ìwọ̀n 1. Ara páálí ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, kì í ṣe ara bébà, torí bébà tó bá mu omi máa ń fẹ̀, bó bá ń gbẹ, á hunjọ. Ojú kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa lẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti há sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un, kí ẹ tún un tẹ̀.

Ní igun òkè, ẹ fi sísọ́ọ̀sì la bébà wálẹ̀, kí ẹ dúró nígbà tó bá ku mìlímítà 2 kó kan etí páálí. Bó bá kàn án, ara páálí á hàn, ibẹ̀ náà ni yíya á ti bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ yọ igun náà bíi lẹ́tà V kó má baà wú, kí ẹ wá lẹ bébà 29 sí 19 bo gbogbo rẹ̀.

Ihò ìdìmú ńkọ́? Ẹ má gé bébà ibẹ̀ dànù. Ẹ là á bí X, ahọ́n mẹ́rin á jáde. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ inú, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lé wọn.

Aṣọ tí wọ́n fi bo páálí dípò bébà rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń gba ìdọ̀tí, nítorí náà pẹpẹ òkè ni mo fẹ́ ẹ sí. Ẹ lọ̀ ọ́ kó jọ̀lọ̀, kí ẹ sì lo gọ́ọ̀mù tí kò lómi, fẹ́ẹ́rẹ́, torí èyí tó lómi máa ń yọ sójú aṣọ, á sì di àbàwọ́n.

Bí ìdérí bá ti há tẹ́lẹ̀, kò ní wọlé mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá bo méjèèjì. Ẹ fi bébà wé e láìfi gọ́ọ̀mù kí ẹ kọ́kọ́ dé e wò.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24, ní òfìfo, láìsí nínú oòrùn. Bí ara rẹ̀ bá ń tẹ̀, bébà òde ló ń fà á. Ẹ lẹ òmíràn sínú.

Ẹ má lẹ àkọlé mọ́ páálí pa, torí ẹrù inú rẹ̀ máa ń yí padà. Ẹ fi sẹ́lótéèpù mú etí mẹ́ta ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí òkè rẹ̀ ṣí bí àpò, kí ẹ ki àkọlé bọ̀ ọ́. Kí lẹ́tà ga tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí àwòrán ohun tó wà nínú páálí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà.